Ọmọ Mi, Ta Ni Yóò Ṣọ́ Iná?

Ọmọ mi, mo gbọ́ òṣé tí o pa. Ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ tó ń ti Èkó wálé ọdún, bí wọ́n bá ti mú iná lọ, kí fáànù tó dúró ni òṣé ti ń dé ẹnu yín, ẹ ó ní ibí yìí kò ṣeé gbé, ẹ ó ní àwọn àgbà tó wà nílé kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. N kò bá ọ wí. Ẹni tí a bí sínú ìmọ́lẹ̀, kò sí bí òkùnkùn kò ṣe ní bí i nínú. Ṣùgbọ́n fa àga rẹ sún mọ́ mi díẹ̀, torí ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i, ó sì ti pẹ́ tí mo ti jókòó sí ilẹ̀ Apá yìí, tí mo rí ìgbà tí iná kò sí, tí mo rí ọjọ́ tó dé, tí mo rí alẹ́ tó lọ, tí mo sì mọ ẹni tó jẹ́ kó lọ.

Ilẹ̀ Ègùn ni ilẹ̀ wa, láàrin Àgbádárìgì àti ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀, ilẹ̀ àgbọn àti ẹ̀gẹ́, ilẹ̀ apẹja. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ní 1960, kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń jẹ́ wáyà iná ní abúlé wa, bẹ́ẹ̀ iná kò wọ́n wa. Ohun tí iná ìgbà náà ní tí ti ìsinsìnyí kò ní ni alágbàtọ́. Bí ìyá mi bá ti fọ àwo alẹ́ tán, tó ti gbálẹ̀ ìdáná, iṣẹ́ kan ṣì kù tí kì í fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni: á kó ẹ̀yinná jọ sí igun kan nínú ààrò, á ti èèpo àgbọn kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, á wá rọra da eérú lé e lórí bí ẹni ń da aṣọ bo ọmọ tó sùn. Ní ìdájí á ṣí eérú náà, á fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, iná á sì jí. Àwọn baba wa ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lọ́wọ́ ìyá mi ni pé eérú kan náà tó ń bo ojú iná tó kú ló ń pa iná mọ́ láàyè, ó kù sọ́wọ́ ẹni tó ń dà á.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé iná kú mọ́jú, èmi ni wọn yóò rán pẹ̀lú àpáàdì lọ́wọ́ pé kí n lọ fọn iná wá nílé kejì. N ó rí i gbà, torí kò sí ẹni tí ń fi iná du aládùúgbò, ṣùgbọ́n ìyá ilé náà á wo ojú mi, á béèrè bóyá ara ìyá mi le. Ìbéèrè yẹn nìkan ti tó. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń bẹ nínú rẹ̀: ta ló sùn tí kò ṣọ́ iná?

Láńtánì tún wà. Epo òyìnbó ni à ń rà sí i, ìgò kan lọ́sẹ̀ bí owó bá wà. Èmi ni mo ń nu ìgò rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tí mo bá ti ilé ìwé dé, torí pé ọwọ́ àgbà kì í wọ inú ìgò láńtánì, tèmi ló wọ̀ ọ́. N ó ki bébà ìwé ìròyìn tó ti gbó bọ inú rẹ̀, n ó máa yí i, èéfín dúdú á máa ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀ títí n ó fi rí ìka ara mi láti ìta. Bàbá mi á gbà á, á gbé e sókè sí ojú oòrùn tó ń wọ̀, bí ó bá sì rí ibi kan tó ṣú, á dá a padà fún mi láìsọ nǹkan kan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí tí òwe yìí ti yé mi yékéyéké, torí èmi ni ọwọ́ mi kò tó ìṣó tí a ń fi láńtánì kọ́, bàbá mi ni ọwọ́ rẹ̀ kò wọ inú ìgò. Fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún mi, n ó padà wá gbà á.

Òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ọmọ mi, ìdí nìyẹn tí ìlú fi ní ẹni tí ń ṣọ́ òru. Sàngbétò tí ẹ̀yin ń yà ní fótò nígbà ọdún, bí ó bá ń yí tí ìko ara rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, kì í ṣe ìran wíwò nìkan lójú tiwa. Ẹni òru ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Ègùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń wà lójúfò nígbà tí ẹlòmíràn bá sùn, wọn kì í gba owó oṣù, bí olè bá sì wọ ìlú, ọ̀dọ̀ wọn la kọ́kọ́ ń sáré lọ. Bí òru ṣe ní olùṣọ́, bẹ́ẹ̀ ni iná ṣe ní olùṣọ́. Inú irú ayé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ wa.

A ń gbọ́ pé iná òyìnbó wà ní Èkó. Ilé-iṣẹ́ iná tó wà ní Ìjọra bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1923, kí wọ́n tó bí mi rárá. Ní 1950 ni ìjọba ṣòfin tó kó iná káàkiri orílẹ̀-èdè sábẹ́ àjọ kan tí wọ́n ń pè ní ECN. Nígbà tí mo di ọ̀dọ́ tí mo ń lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́, mo dé Marina, mo rí ère Ṣàngó onídẹ tí Ben Enwonwu ṣe ní 1964 síwájú ilé ECN, mo sì dúró wò ó títí ẹni tó mú mi lọ fi fà mí lọ́wọ́. Ohun tó wú mi lórí ni pé ẹni tó gbé ère yẹn síbẹ̀ mọ̀ pé iná kì í ṣe ohun àlejò fún wa. A ti mọ mọ̀nàmọ́ná kí òyìnbó tó dé, a ti mọ̀ pé ó ní ẹni tó ni ín, a sì ti mọ̀ pé ohun tó bá ní agbára tó bẹ́ẹ̀, a kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, Àgbádárìgì àti gbogbo ìgbèríko rẹ̀ bọ́ sínú rẹ̀. Orúkọ Èkó dé bá wa, iná Èkó kò tíì dé. Wọ́n dí odò Ọya ní Kainji, wọ́n ṣí i ní 1969, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò lórí ilẹ̀ bàbá wọn kí omi lè rí ibi dúró sí. Ní 1972 wọ́n pa ECN àti àjọ tó ni Kainji pọ̀, ó di NEPA. Ní 1985 ni Egbin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ létí ọ̀sà Èkó, ẹ̀rọ tí gbogbo agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 1,320, ọ̀sà tí wọ́n sì fi ń tu ẹ̀rọ náà lára kan omi tiwa níbí.

Kí ló wá dé tí kò fi tètè dé ọ̀dọ̀ wa? Mo ti gbọ́ tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń sọ pé ìkórìíra ni, pé nítorí a jẹ́ Ègùn ni. N kò sọ pé a kò rí ìwọ̀sí rí. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n fi ojú oníṣòwò hàn ọ́. Wáyà kìlómítà kan ní àárín Èkó lè kan igba ilé. Wáyà kìlómítà kan ní ọ̀nà tiwa lè máa kan igi àgbọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iye kan náà ni òpó, iye kan náà ni wáyà, owó tí yóò padà wọlé ni kò dọ́gba. Ìyá tó ru ẹja lọ sí ọjà kì í yà sí ahéré tí ẹni kan ṣoṣo wà, kì í sì í ṣe pé ó kórìíra ẹni náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbi tí ẹ rò pé gbogbo nǹkan ti rọrùn. Ní Amẹ́ríkà, ní àárín àwọn ọdún 1930, bóyá ni ilé oko kan nínú mẹ́wàá ní iná, nígbà tí àwọn ìlú ńlá wọn ń tàn yòò lóru. Àwọn ilé-iṣẹ́ iná ní èrè kò sí lóko. Ààrẹ Roosevelt dá àjọ iná ìgbèríko sílẹ̀ ní 1935, òfin rẹ̀ tẹ̀lé e ní 1936, owó yíyá sì ni iṣẹ́ tí ìjọba gbà ṣe jù. Àwọn àgbẹ̀ ló kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Dọ́là 5 ni ìdílé kan sábà máa ń san láti wọlé, wọ́n yan alága, wọ́n yan akápò, wáyà náà sì di tiwọn. Púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyẹn ṣì wà títí di òní, ọmọ-ọmọ àwọn tó dá wọn sílẹ̀ ló ń jókòó ní ìpàdé wọn. Mo máa ń ka ìtàn yẹn sétí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, torí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ní iná yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n tan iná fún.

Má tilẹ̀ jẹ́ ká lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ìbátan wa ní Àjàṣẹ́, ní òdìkejì ẹnubodè, tí ẹ̀jẹ̀ wa àti tiwọn jẹ́ ọ̀kan, orílẹ̀-èdè tiwọn kéré, kò sì ní ìdídò bíi ti Kainji. Ní 1968, Dahomey tí à ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí àti Togo jọ dá ilé-iṣẹ́ iná kan sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní CEB, wọ́n jọ ra iná láti Akosombo ní Ghana, wọ́n sì jọ kọ́ ìdídò tiwọn sí Nangbéto ní Togo nígbà tó yá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ní 2007, wáyà ńlá láti Ikeja West dé Sakété, Nàìjíríà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta iná fún wọn, àwọn kan láàrin wa sì fárígá pé a ń fi iná tiwa fún òdìkejì nígbà tí abúlé tiwa ṣókùnkùn. Ọ̀ràn náà dùn mí bíi tiwọn, ṣùgbọ́n n kò bá wọn ṣe ìlara. Ẹni tó rà á jókòó rà á ni, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì mọ ẹni tí yóò bi bí kò bá rí i.

Wàyí o, tiwa. Àwọn ọdún 1980 ni iná dé abúlé wa. N kò ní sọ pé ìjọba ló mú un wá, n kò sì ní sọ pé àwa nìkan la dá a ṣe. Ìjọba fa wáyà dé ojú títì, ó dúró níbẹ̀. Láti títì dé ẹnu ọ̀nà wa, ọwọ́ wa ló wà. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ iná, ogójì ilé ló forúkọ sílẹ̀. Àwọn apẹja ń dá tiwọn bí wọ́n bá ti ta ẹja, àwọn obìnrin tó ń ṣe epo àgbọn ń dá tiwọn lọ́jọ́ ọjà, àwọn ọmọ wa tó wà ní Àgége àti Kútọ́nù ń fi tiwọn ránṣẹ́. Opó kan tó ń ta gàrí gbé owó tirẹ̀ wá nínú agolo mílíìkì, owó ẹyọ ni gbogbo rẹ̀, mo kà á lórí tábìlì tó wà níwájú wa yìí, ìdì mẹ́wàá mẹ́wàá, títí ilẹ̀ fi ṣú pátápátá. Ó pé. Kò dín kọ́bọ̀ kan. Bí mo ṣe kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, ó ní kí n kà á sétí òun, mo kà á, ó ní kí n tún un kà.

Ọjọ́ tí wọ́n tan iná náà, òjò ti rọ̀ ní ọ̀sán. Òṣìṣẹ́ kan gun òpó pẹ̀lú okùn nídìí, ó juwọ́ sí wa, ẹni tó wà nísàlẹ̀ sì fa súìṣì sókè. Gílóòbù tó wà lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa pọ́n lákọ̀ọ́kọ́ bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ó wá mọ́lẹ̀, ẹ̀sùnsùn sì bò ó kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọdé ń fi awo gba ẹ̀sùnsùn nísàlẹ̀, àwọn obìnrin ń kọrin, ọkùnrin tó le jù ládùúgbò wa ń sunkún ní gbangba. Ìyá mi ti darúgbó nígbà náà. Wọ́n gbé àga sílẹ̀ fún un, ó gbójú sókè wo gílóòbù náà fún ìgbà pípẹ́, ó ní: "Ta ni yóò máa bo èyí mọ́lẹ̀ lálẹ́?"

A rẹ́rìn-ín. Mo fi súìṣì hàn án, mo tẹ̀ ẹ́, mo pa á, mo tún tàn án. Mo ṣàlàyé pé iná yìí kò bèèrè eérú. Ó ní ó dáa. Kò tún ọ̀rọ̀ náà sọ mọ́ títí ó fi lọ bá àwọn baba rẹ̀.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n tan iná náà ni ohun tó béèrè tó yé mi. Ẹ̀rọ tí a rà, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní transformer, ogójì ilé la rà á fún. Àwọn ilé tuntun dé, wọ́n ga, a sì yọ̀ pé ìlú ń dàgbà. Ọmọ kan ṣí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà. Ẹlòmíràn ra fíríjì ńláńlá tó ń fi dì ẹja pa mọ́, ohun tó sì dáa ni, torí kí ó tó dé, ẹja tí kò bá tà lójú ọjọ́, yíyan ni, bí kò bá sì sí igi, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn kan gbé àkàbà lóru, wọ́n fi wáyà kọ́ ara wáyà láìsọ fún akọ̀wé. Ogójì di ọgọ́rùn-ún ó lé, ẹ̀rọ náà kò yí padà. Fíúsì wá bẹ̀rẹ̀ sí í já ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́.

Ọmọ mi, jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbi fíúsì yìí, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Fíúsì, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni, a yàn án láti kú kí ẹ̀rọ má baà kú. Bí ẹrù bá ju agbára lọ, òun ni yóò kọ́kọ́ jó, iná á lọ, gbogbo ìlú á pariwo, a ó sì mọ̀ pé ẹrù ti pọ̀ jù. Ìkìlọ̀ ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọṣẹ́ iná díẹ̀ wá sọ pé òun ní àtúnṣe, ó yọ fíúsì, ó gbé wáyà tó nípọn bí ìka ọwọ́ sí ipò rẹ̀, ó sì lọ́ ọ mọ́ ibẹ̀. Iná kò já mọ́. A kí i, a fún un lówó ọtí. Èmi náà wà níbẹ̀, mo sì kọ owó náà sínú ìwé ìnáwó ìlú. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, àwa fi iná sórí òrùlé, a tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e lé e.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹ̀rọ náà bú. Ariwo kan ṣoṣo ni, bíi ti àgbá. Epo inú rẹ̀ dà sílẹ̀, ó ń jó, ó ń rùn, a ń fi iyanrìn pa á. Ẹja inú fíríjì jẹrà láàrin ọjọ́ mẹ́ta, a gbẹ́ ihò sin ín bí òkú. Nígbà tí a dé ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n ní ẹ̀rọ tí a fi owó wa rà kì í ṣe tiwa mọ́, ti ilé-iṣẹ́ ni, nítorí náà a kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kàn án. Wọ́n tún ní kò sí òmíràn tí wọn yóò fún wa. Wọ́n béèrè ìwé àdéhùn. Kò sí. Ìwé orúkọ àwọn tó dáwó ni mo gbé lọ, orúkọ opó onígàrí wà nínú rẹ̀, kò sì wúlò fún nǹkan kan lórí tábìlì yẹn. Oṣù mẹ́rìnlá la fi padà sídìí láńtánì. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó níta, opó náà ń kọjá lọ pẹ̀lú láńtánì lọ́wọ́. Ó dúró, ó kí mi, ó ní "Ẹ kú alẹ́, tíṣà," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ owó rẹ̀ rí títí di òní olónìí.

Ṣé o rí i, mímú iná wọ ìlú, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Òṣìṣẹ́ á gun òpó, olóṣèlú á já rìbọ́ọ̀nù, wọ́n á yà á ní fótò. Ọjọ́ kejì ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, kò sì ní ayẹyẹ. Mo ti rí iná sólà tí wọ́n rì mọ́ ojú títì tó tàn bí ọ̀sán lọ́dún àkọ́kọ́, tí kò tàn mọ́ lọ́dún kẹta, torí bátìrì ti gbó, kò sì sí ẹni tí wọ́n yàn láti pààrọ̀ rẹ̀. Ibí yìí tún jẹ́ etí òkun. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ wa ń jẹ irin ju bó ṣe ń jẹ ẹ́ níbi tó jìnnà sí òkun lọ, ohun tí wọ́n bá sì ní yóò lo ọdún mẹ́wàá níbòmíràn, a ní láti máa fojú tó o níbí.

Ìjọba ti yí orúkọ padà lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Òfin 2005 sọ NEPA di PHCN, òun náà ló sì la ọ̀nà fún Àjọ Iná Ìgbèríko tí wọ́n ń pè ní REA. Ní oṣù Kọkànlá 2013, wọ́n fi àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná lé aládàáni lọ́wọ́, ọ̀nà tiwa bọ́ sí ọ̀dọ̀ Eko Electricity Distribution. Ní 2023 wọ́n tún òfin ṣe, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè ṣètò iná ara rẹ̀, Èkó sì ti ṣe òfin tirẹ̀ ní 2024. N kò fẹ́ kí gbogbo èyí dà ọ́ lórí rú. Ẹyọ kan ni mo fẹ́ kí o mú nínú rẹ̀, òun ni mo sì ń kábàámọ̀ pé kò sí nígbà tèmi: NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso iná, fi lélẹ̀ ní 2015 pé bí àdúgbò bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ ra ẹ̀rọ, òpó tàbí wáyà, kí òun àti ilé-iṣẹ́ iná kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ bí owó náà yóò ṣe padà sọ́wọ́ wọn. Kí ẹ tó dá kọ́bọ̀, ọmọ mi, ìwé. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Àwọn tí wáyà ìjọba kò tí ì dé ọ̀dọ̀ wọn rárá kò kéré o. Ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, World Bank ṣírò rẹ̀ sí mílíọ̀nù 85 ní Nàìjíríà nìkan. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti pọ̀ ju ẹyọ kan lọ báyìí. Ní Gbamu-Gbamu, abúlé olóko kòkó kan ní Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, Ìpínlẹ̀ Ògùn, wọn kò dúró de òpó mọ́. Ní 2018 ni wọ́n gbé sólà kílówáàtì 85 kalẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú bátìrì àti jẹnẹrétọ̀ tó ń gbè é lẹ́yìn nígbà òjò. Ilé-iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà kan, Rubitec, ló kọ́ ọ, European Union àti Jámánì ràn án lọ́wọ́, iye tí ilé kọ̀ọ̀kan bá sì lò ló ń san. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ju páńẹ́lì lọ: iná náà ní ẹni tí ń bójú tó o, ó ní ẹni tí wọ́n lè tọ̀ lọ lówùúrọ̀ bí kò bá tàn. Iná náà ní alágbàtọ́.

Ìdí tí mo fi pè ọ́ jókòó nìyí. N kò ní kí o fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀ ní Èkó kí o wá máa gbé abúlé. Ayé ti yí, n kò sì fẹ́ sọ ọ́ di ẹrú ilẹ̀ bàbá rẹ. Ṣùgbọ́n o rántí ìgò láńtánì tí mo ní kí o fi pamọ́ fún mi? Ọwọ́ rẹ ló wọ inú rẹ̀ báyìí. Ìwọ lo lè ka ohun tó wà lára mítà tí èmi ń wò bí ẹni ń wo èdè àjèjì. Ìwọ lo lè ṣírò iye ẹrù tí ẹ̀rọ kan lè gbà kí a tó so ilé mìíràn mọ́ ọn, ìwọ lo lè kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ iná kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó mọ òfin ló kọ ọ́. Àìrìn jọ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Àwọn ọmọ abúlé wa tó mọ iṣẹ́ iná, tó mọ òfin, tó mọ ìṣirò owó, mo lè ka mẹ́jọ nínú wọn fún ọ láìronú, bẹ́ẹ̀ kò sí méjì tó jókòó pọ̀ rí nítorí iná ilé. Ọdọọdún ni ẹ ń wá, ẹ ń pòṣé, ẹ ń lọ.

Bí o bá kọ́ ọmọ rẹ níṣẹ́, kọ́ ọ kó má ṣe yọ fíúsì láéláé. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá fi wáyà kọ́ wáyà lóru, sọ fún un lójú. Bí wọ́n bá sì fi ọ́ ṣe akápò, ka owó opó bí mo ṣe kà á, kí o sì tún ṣe èyí tí èmi kò ṣe: ya apá kan owó náà sọ́tọ̀ láti ọjọ́ kìíní fún ọjọ́ tí ẹ̀rọ yóò bàjẹ́, torí yóò bàjẹ́.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ìpàdé ìdàgbàsókè ìlú wa, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nínú kíláàsì tí mo ti kọ́ àwọn kan nínú àwọn òbí yín ní ìwé. Ènìyàn mọ́kànlá ló wá níjọ́sí, ẹni tó kéré jù nínú wa ti lé ní àádọ́ta ọdún. Èmi ṣì ni akọ̀wé. Ojú mi kò sì rí ìlà inú ìwé náà dáadáa mọ́. Níjọ́sí, orí ìlà kan náà ni mo kọ orúkọ méjì sí. Ọmọ mi, wá. Wá gba bírò yìí lọ́wọ́ mi.